Ìkájú-owó, kì í ṣe ìdínáwókù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé nípa ilé ìwòsàn ìjọba bi wá pé kí la ó pe òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ ilé ìwòsàn tó owó tí wọ́n ná sí i. Wọ́n dábàá "ìdínáwókù". Ẹ dákun, n kò fara mọ́ ọn.

Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ bímọ nílé ìwòsàn ìjọba kan, pépà ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ nà sí wa: ìbọ̀wọ́ páálí kan, òwú, spírítì, abẹ́rẹ́, abẹ fẹ́lẹ́, kódà rọ́bà tí wọn yóò tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo sáré lọ rà wọ́n ní kẹ́míìsì iwájú géètì, òun ń rọbí lọ́wọ́. Nínú ìwé ìṣirò wọn, ọmọ yẹn kò ná wọn ní nǹkan kan tó pọ̀. Wọ́n dín ìnáwó kù lóòótọ́, àpò tiwa ni wọ́n dà á sí. Àwa nìkan kọ́: lọ́dún 2020, nínú gbogbo owó tí Nàìjíríà ná lórí ìlera, ó lé ní 70 nínú 100 tó ti àpò àwọn ará ilé jáde.

Ẹ tún wo "wòsàn" fúnra rẹ̀. "Wò" ni iṣẹ́ dókítà, "sàn" ni ohun tí aláìsàn bá wá. Wọ́n lè fi owó pọ́ọ́kú wo ọgọ́rùn-ún èèyàn lóòjọ́, kí ìdajì wọn tún gbé ibà kan náà padà wá lọ́sẹ̀ kejì. "Sàn" ló yẹ ká gbé lé orí òṣùwọ̀n.

Ohun tó mú mi ronú kan "kájú" nìyẹn. Gbogbo wa ló ń sọ pé nǹkan kájú òṣùwọ̀n. Bí iṣẹ́ bá tó ohun tí a san, ó kájú owó; ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pe òṣùwọ̀n náà ní "ìkájú-owó". "Ìwúlò owó" tí ẹnìkan mú wá kò burú, àmọ́ ibi gbogbo lowó ti wúlò.

Tí ẹ bá gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ ẹni tó ni owó tí wọ́n ná mọ́ ọn nígbà gbogbo: ìkájú-owó ìjọba, ìkájú-owó aláìsàn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa fi sínú gbólóhùn yín wò, kí ẹ sọ ibi tó bá ti há.