Aṣọ oníbàárà ni mo wọ̀ wò nínú dígí. Báwo lẹ ṣe ń láyọ̀ nígbà tí agbára yín ò ká ohun tó wù yín?

Olùbéèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Télọ̀ ni mí, apá Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọmọ méjì ni mo bí, ọkọ mi ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ebi kì í pa wá, mi ò ní parọ́. Owó ilé-ìwé máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n à ń san án.

Ohun tó ń dùn mí ni pé láti àárọ̀ Mọ́ńdè títí di alẹ́ Sátidé, aṣọ tí agbára mi ò ká ni mò ń gbé lé itan. Léèsì, sílíìkì, aṣọ òkè. Mo sì máa ń mọ iye tí wọ́n rà á, torí àwọn oníbàárà fẹ́ràn láti sọ ọ́: "Àǹtí Télọ̀, ẹ rọra gé e o, 150,000 náírà ni yáàdì márùn-ún." Èmi tí mò ń gé e, 12,000 ni owó iṣẹ́ mi, wọ́n á sì tún ná an mọ́ mi lọ́wọ́.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ ṣe òkú màmá rẹ̀. 65,000 ni aṣọ ẹbí. Ogún èèyàn ló kó tiwọn wá fún mi rán, èmi ò rówó tèmi san. Lálẹ́ Tọ́sìdé, nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé aṣọ oníbàárà kan tí a jọ ń wọ ìwọ̀n kan náà, mo wọ̀ ọ́. Kò síná, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń wo ara mi nínú dígí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó yẹ mí. Ó yẹ mí ju ẹni tó ni ín lọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tépù lọ́rùn, ẹkún bá gbọ̀n mí. Mo tún ń fi ọwọ́ gbe omijé kó má baà kán sára léèsì olóléèsì.

Mi ò lọ síbi òkú náà. Mo ní ara mi ò yá.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí inú yín fi ń dùn nígbà tí ohun tó wù yín ò bọ́ sí yín lọ́wọ́? Ẹ má sì sọ pé kí n máa dúpẹ́. Mò ń dúpẹ́. Ọpẹ́ náà ti ń sú mi ni.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, àwọ̀ wo ni aṣọ náà? Torí télọ̀ Mọ́kọ́lá kan lèmi náà ń gbé tèmi fún.

Olùbéèrè: 😂 Bó bá jẹ́ tiyín ni, mo lọ̀ ọ́ dáadáa kí n tó gbé e fún yín.

Adé Abẹ́òkúta: Ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n! Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀yin obìnrin ti fẹ́ràn aṣọ jù. Iye léèsì kan yẹn, adìẹ mélòó ni kò ní rà?

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun sà. Mo ti ń ṣe bí mo ti mọ tipẹ́. Ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, lítà epo tí kò tó 200 náírà di bíi 500 lójú wa báyìí, kò sì dúró níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ìtẹ́ yìí ló ń fún sí i, sà, eku ò kúkú sanra.

Télọ̀ Ṣágámù: Ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí àwọn tó kù ò ní sọ: kò sí télọ̀ tí kò tíì wọ aṣọ oníbàárà wò. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní èèyàn gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ kó tó mọ̀ bóyá ó jókòó. Àwáwí ni, gbogbo wa la mọ̀.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ kì í ṣe ohun ńlá. Ẹ mọ àjákù tó máa ń kù tí a bá gé abẹ́ apá àti ọrùn, tí kò tó nǹkan kan ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Mo kó o sínú báàgì kan fún bí ọdún kan gbáko. Léèsì aláwọ̀ ewé, ti aláwọ̀ wúrà, funfun méjì tí kò bára mu. Mo tò wọ́n sórí aṣọ pẹlẹbẹ dúdú kan, mo fi ṣe bùbá. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, èèyàn mẹ́ta ló dá mi dúró. Méjì nínú wọn ti di oníbàárà mi.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tọrọ o. Télọ̀ tó bá ń yọ aṣọ pamọ́, ariwo rẹ̀ kì í pẹ́ ta.

Ìyàwó Alfa: Mo fara mọ́ ti Télọ̀ Ṣágámù, ṣùgbọ́n odindi aṣọ ló wu obìnrin yìí, ẹ jẹ́ ká má fi àjákù tàn án. Àǹtí, ẹ dá àjọ. Èèyàn mẹ́wàá, 2,500 lọ́sẹ̀, kó máa kàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdúgbò wa la ti ń ṣe é, àwa la sọ ọ́ ní àjọ ara-ẹni, ìdí ni pé owó tó bá kàn ọ́ kò gbọdọ̀ wọ owó ilé-ìwé, kò sì gbọdọ̀ wọ ìkòkò ọbẹ̀. Tèmi, mo fi ra bàtà. Ọkọ mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi bàtà ṣe. Mo ní mo fẹ́ fi sẹ́sẹ̀ ni.

Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, ẹ jìnnà sí wọn bí ẹní rí paramọ́lẹ̀. Tí ẹ bá fi ọjọ́ kan pẹ́, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù yín pé olè ni yín. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ àbúrò ìyá mi.

Bàbá Mọ́níyà: Ọmọ mi, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. O ò tíì dáyé nígbà Udoji. Ọdún 1974 ni ìgbìmọ̀ Udoji dábàá àfikún owó oṣù fún òṣìṣẹ́ ìjọba, nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 1975 wọ́n san án fún wa pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ rẹ̀. Akọ̀wé kékeré ni mí nígbà náà. Mo ra rédíógíráàmù, mo ra léèsì fún ìyàwó mi, èyí tí wọ́n ń kó wá láti Austria. Yàrá mẹ́jọ ló wà nílé tí a háyà. Kò pẹ́, rédíógíráàmù ti wà nínú mẹ́fà. Bí ti yàrá iwájú bá ń kọ àpàlà, ti ẹ̀yìn á máa kọ jùjú, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ nǹkan kan. Ọjà náà gbówó lórí. Gààrí, ẹran, owó ilé, gbogbo wọn ló gbọ́ pé a gbowó. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, mo ti ń yáwó jẹun.

Mi ò sọ ọ́ kí n lè fi bá ọ wí. Rédíógíráàmù yẹn, mi ò rántí ọjọ́ tó kúrò nílé mi. Ṣùgbọ́n léèsì yẹn, àwọ̀ ọsàn ni. Ìyàwó mi ti lọ, inú rẹ̀ ni mo ṣì ń rí i tí mo bá dijú. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ohun tó wù ọ́ ò tó nǹkan.

Adé Abẹ́òkúta: Bàbá, ẹ ti ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́ báyìí. Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Àǹtí, mo tọrọ gáfárà.

Ọmọ Ọ̀ṣun ní Peckham: Léèsì mẹ́ta ló wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi níbí ní London. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, mi ò rí ibi tí mo fẹ́ wọ̀ wọ́n dé. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wálé gbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n sin màmá tèmi, inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, fóònù ni mo fi ń wò ó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé níbi tí wọ́n ti ń da iyẹ̀pẹ̀. Owó ọkọ̀ òfuurufú ni mi ò ní.

Àǹtí, mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń láyọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ yín tó sìnkú ìyá rẹ̀, tí ẹ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ torí aṣọ, tí ẹ sì wà nílùú kan náà, ẹ dìde kẹ́ ẹ lọ bá a. Ẹ wọ ohunkóhun tó bá wà nílé.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè: ogún aṣọ ní 12,000, ṣé kì í ṣe 240,000 nìyẹn? Ẹ ò lè bá ọ̀rẹ́ yín sọ pé kí wọ́n yọ aṣọ yín lára owó iṣẹ́?

Olùbéèrè: Mo ti san owó ṣọ́ọ̀bù nínú rẹ̀, mo san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, òwú, epo, owó ọmọ iṣẹ́. Kò sí èyí tó sùn mọ́jú lọ́wọ́ mi. Kí n sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé mi ò ní? Ìtìjú ò jẹ́ kí n yanu.

Olùbéèrè (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin): Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ o. Ańkárá tí mo máa ń wọ̀ lọ sọ́jà ni mo wọ̀, mo ra búrẹ́dì dání. Nígbà tó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní "O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀," ó sì bú sẹ́kún. Mo sọ òótọ́ fún un. Ẹ mọ ohun tó sọ? Àwìn lòun náà ti gba aṣọ ẹbí náà ní Gbági. Èèyàn mẹ́jọ ò tíì san owó tiwọn, olówó aṣọ sì ń pè é láàárọ̀ lálẹ́. Méjì nínú àwọn mẹ́jọ yẹn, èmi ni mo rán tiwọn, àwọn náà ni wọ́n ń pariwo iye yáàdì mọ́ mi létí. A rẹ́rìn-ín títí ọmọ rẹ̀ fi yọjú wá wò wá.

Mo ti tọrọ àjákù lọ́wọ́ oníbàárà méjì. Ọ̀kan fún mi, èkejì ní òun fẹ́ fi ṣe fìlà fún ọmọ òun. Ìyàwó Alfa, mo ti rí èèyàn mẹ́fà fún àjọ, ó ku mẹ́rin.

Kò tíì kúrò lọ́kàn mi o. Lánàá, obìnrin kan tú léèsì kan sórí tábìlì mi, aláwọ̀ búlúù bí ojú ọ̀run tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àyà mi já. Mo na tépù, mo wọ̀n ọ́n, mo sọ fún un pé iṣẹ́ mi ti di 15,000. Ó ná an títí, ó san 14,000.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Ẹ kọ orúkọ mi mọ́ ti àjọ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ àwọ̀ aṣọ yẹn fún mi.