Ìyàwó mi sọ mí di ọ̀tá ayé nítorí èéfín ẹ̀yìnkùlé

Bàbá Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ó ti sú mi ni. Obìnrin tí mo fẹ́ kò jẹ́ kí n rímú mí nínú ilé tí mo fi òógùn ojú mi kọ́. Láti ìgbà tó ti ń wo àwọn fídíò kan lórí fóònù ni gbogbo nǹkan ti di àyípadà ojú ọjọ́. Òjò pẹ́ kó tó rọ̀, èmi ni. Oòrùn mú jù, èmi náà ni. Ó ní èéfín tí mò ń rú lẹ́yìnkùlé ló ń mú ayé gbóná. Mo ní èéfín tèmi nìkan? Àwọn tó ní bàálù ńkọ́? Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó ń rú èéfín tọ̀sán tòru ńkọ́?

Èmi ò gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, mi ò sì ní purọ́ pé mo gbà á gbọ́ kí ilé lè tòrò. Ojú ọjọ́ ti ń yí padà kí wọ́n tó bí baba ńlá mi. Ṣùgbọ́n ìjà náà ti kọjá ti ẹnu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó da omi síná mi lójú oníbàárà. Ó ti fi ẹjọ́ mi sun ìyá mi. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí kò tíì rí iṣẹ́ gidi kan ṣe, wá jókòó sórí àga mi, ó ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ nípa àyíká. Ìyàwó mi tún ti kó ibùsùn àwọn ọmọ kúrò ní yàrá ẹ̀yìn, gbogbo wa wá há mọ́ yàrá iwájú bí ẹni ń sá fógun. Ṣé ó yẹ kí obìnrin ba ọ̀nà àtijẹ ọkọ rẹ̀ jẹ́ nítorí ohun tí àwọn onímọ̀ gan-an ṣì ń jiyàn lé lórí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mi ò fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ẹbí.

Ìyá Dúró:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Omi tó dà síná lójú oníbàárà yẹn ò dáa, ìwọ̀sí ni. Ẹ pè é lálẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, kẹ́ ẹ fi sùúrù bá a sọ ọ́.

Alágbàṣe:
Ọ̀gá, ẹ dẹ́kun dátà tí ẹ ń rà fún un. Ọ̀rọ̀ parí.

Sísì Aláṣọ:
Alágbàṣe, ẹ máa ṣeré lọ. Bàbá Ìbejì, kí lẹ tiẹ̀ ń sun? Mo ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí i.

Bàbá Ìbejì:
Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mà. Òun ni mo fi ń sanwó ilé ìwé, òun náà ni mo fi ra fóònù tó fi ń wo fídíò. Ohun tí mò ń béèrè ni pé, ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ yìí àbí irọ́?

Olùkọ́ Físíìsì:
Òótọ́ ni, kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù ẹnikẹ́ni. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, John Tyndall, ti fi ìdánwò hàn lọ́dún 1859 pé kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì, afẹ́fẹ́ tó máa ń jáde bí a bá sun igi, èédú tàbí epo, máa ń gba ooru mọ́ra. Lọ́dún 1958, onímọ̀ mìíràn, Charles Keeling, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 315 ni tirẹ̀ nígbà náà. Ó ti lé ní 420 báyìí. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lóòótọ́: bí ooru náà yóò ṣe yára tó, ibi tí ọ̀dá máa dá sí, ibi tí òjò máa pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n pé ayé ń gbóná, àti pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló fà á, ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jà lé lórí mọ́.

Alágbàṣe:
Òkè ayọnáyèéfín kan ṣoṣo ń tú èéfín jáde ju gbogbo ọkọ̀ ayé lọ. Ẹ lọ bá òkè ṣẹjọ́.

Olùkọ́ Físíìsì:
Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gbogbo òkè ayọnáyèéfín ayé pátá, ohun tí wọ́n ń tú jáde nínú afẹ́fẹ́ yẹn lọ́dún kan kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa. Ta ló sọ ìyẹn fún yín?

Alágbàṣe:
Ẹni tó kàwé jù yín lọ.

Olùkọ́ Físíìsì:
Ẹ mú un wá.

Ìyá Dúró:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ lọ́kọláya là ń tún ṣe. Bàbá Ìbejì, bí mo ṣe sọ, ẹ fi sùúrù bá a sọ ọ́ lálẹ́.

Ọmọ Àdúgbò:
Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí aládùúgbò mi kan. Gbogbo ọ̀rá àti ike tó bá ti lò tán, inú gọ́tà ló ń jù ú sí. A sọ, a sọ, ó ní àwọn òyìnbó ló kó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ sí wa lórí, pé Ọlọ́run ló ń rọ̀jò. Mo ní bàbá, ta ló bá yín sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́? Ọ̀rọ̀ gọ́tà ni mò ń bá yín sọ. Kò gbọ́. Òjò ńlá kan rọ̀, kì í tiẹ̀ ṣe èyí tó tóbi jù lọ́dún náà, omi ò ríbi gbà. Ilé rẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù, tirẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀. Tèmi ló tẹ̀ lé e. Mo bá fíríìjì mi lórí omi, ó dùbúlẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ jókòó sínú ẹ̀. Títí dòní, bó bá rí mi, á wo ibòmíràn.

Alágbàṣe:
Ọ̀pọ̀lọ́ yẹn rí ilé gbà ni o.

Sísì Aláṣọ:
Bàbá Ìbejì, mo tún béèrè o. Kí lẹ ń sun? Kí ló sì dé tó fi jẹ́ yàrá ẹ̀yìn ni ìyàwó yín kó àwọn ọmọ kúrò?

Bàbá Ìbejì:
Bátìrì ni, mà. Òkú bátìrì ọkọ̀ àti ti sólà. Mo máa ń rà á, màá fọ́ ọ, màá sun ike rẹ̀, màá yọ́ òjé inú rẹ̀ nínú ìkòkò, màá dà á di búlọ́ọ̀kù, màá tà á. Èmi kọ́ ni mo dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ láyé. Ọ̀gá tó kọ́ mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ara rẹ̀ le koko. Èéfín rẹ̀ kì í ju wákàtí kan lọ lálẹ́. Omi kíkan inú bátìrì, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mò ń dà á sí. Koríko ò hù níbẹ̀ mọ́, ó tiẹ̀ gbà mí lọ́wọ́ ríro. Yàrá ẹ̀yìn ló kọjú síbẹ̀. Ó ní èéfín ń wọlé. Mo ní kó ti fèrèsé.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Bàbá Ìbejì, ẹ pa iná yẹn. Mi ò bá yín sọ̀rọ̀ ayé tó ń gbóná o, ọ̀rọ̀ òjé ni. Májèlé ni òjé, kò sì sí ìwọ̀n kékeré rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fún ọmọdé. Èyí tó bá èéfín jáde á bà lórí iyẹ̀pẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì, lára aṣọ tí ẹ wọ̀ wọlé. Kì í jẹrà, kì í ṣá. Ọmọ á fọwọ́ pa ilẹ̀, á fọwọ́ sẹ́nu. Èyí tó bá gbé mì, ara rẹ̀ lè fà á mọ́ra ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá yín fi lè máa rìn kiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò mọ bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe wà.

Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọ 18 ló kú láàárín ìparí ọdún 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008. Òkú bátìrì ni wọ́n ń tú níbẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó làwọn ìbejì? Ṣé inú ń run wọ́n? Ṣé wọ́n ń ṣe ìgbẹ́ dáadáa?

Bàbá Ìbejì:
Ọdún mẹ́rin. Wọ́n ń ṣeré dáadáa. Kẹ́hìndé nìkan ni inú máa ń run, kì í sì í rí ìgbẹ́ yà bọ̀rọ̀, a ti fún un lóògùn aràn. Òun ló fẹ́ràn mi jù. Òun ló máa ń jókòó tì mí nídìí iná, á máa ṣa àwọn òjé wẹ́wẹ́ tó bá ta sílẹ̀ tó ti dì, á kó wọn sápò, ó ní owó òun ni. Ìyá rẹ̀ ní olùkọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ kì í yé e bíi ti Táíwò mọ́. Mo ní ọmọ ò lè dọ́gba.

Sísì Aláṣọ:
Yéè! Bàbá Ìbejì!

Ìyá Dúró:
Ẹ ò rí i pé ẹ kọ́kọ́ fi gbogbo èyí pa mọ́? Ẹ jẹ́ kí n máa sọ sùúrù, sùúrù. Obìnrin yẹn ló ní sùúrù!

Alágbàṣe:
Ọ̀gá, èmi ò gba ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ gbọ́ títí di ìsinsìnyí, Olùkọ́ kò tíì yí mi lérò padà. Ṣùgbọ́n tó bá ṣe pé àbúrò mi ni yín, mo ti fọ́ ìkòkò yẹn.

Olùkọ́ Físíìsì:
Ẹ gbọ́ ohun tí Alágbàṣe sọ, torí kò sí ohun mìíràn tí àwa méjèèjì jọ gbà. Ẹjọ́ rere ni ìyàwó yín mú lọ sí kóòtù tí kì í ṣe tirẹ̀. Lóṣù December 1952, èéfín èédú bo London fún ọjọ́ márùn-ún, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ kà pé ó pa, àwọn tó tún un ṣírò lẹ́yìn náà ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń pariwo ojú ọjọ́ nígbà náà. Òjé tí ẹ ń yọ́ yìí náà, inú epo ọkọ̀ ni wọ́n ń pò ó mọ́ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọdún 2021 ni orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn, Àlùjíríà, tó dẹ́kun títà á, kì í sì í ṣe nítorí ooru. Nítorí ọpọlọ ọmọdé ni.

Bàbá Ìbejì:
Ṣé ẹ wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́? Ohun tí mò ń sọ fún un láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá gbé ìkòkò náà lọ sí ilẹ̀ òfìfo tó wà ní òpópónà kejì ńkọ́?

Sísì Aláṣọ:
Àwọn ọmọ òpópónà kejì ńkọ́?

Alágbàṣe:
Ẹ má fọ́ bátìrì mọ́. Odidi ni kẹ́ ẹ máa tà fún iléeṣẹ́ tó ní iná ìléru gidi, tó ń sẹ́ èéfín rẹ̀. Èmi náà ń kó irin àlòkù, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Bàbá Ìbejì:
Owó odidi kò tó nǹkan. Àwọn iléeṣẹ́ yẹn ń rẹ́ni jẹ.

Alágbàṣe:
Kò tó nǹkan lóòótọ́. Ẹ rà á púpọ̀ sí i, ẹ ó ṣáà ní àyè, ẹ ò ní máa jókòó tìná mọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ jẹ́ kí owó dúró ná. Ẹ gbé Kẹ́hìndé lọ sílé ìwòsàn ńlá, kẹ́ ẹ sọ fún dókítà pé òjé ni ẹ ń yọ́ nílé, kó yẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sọ pé inú rírun lásán ni, oògùn aràn ni wọ́n tún máa fún un. Oògùn wà tó ń fa òjé jáde bó bá pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò ní ṣe nǹkan kan bí ọmọ bá tún padà sídìí iná. Ẹ kó àwọn òjé inú àpò rẹ̀ kúrò. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá inú ilé, á tún gbé eruku rẹ̀ sókè ni. Aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Aṣọ iṣẹ́ yín kò gbọdọ̀ wọnú ọpọ́n kan náà pẹ̀lú tàwọn ọmọ. Ṣé kànga wà nínú ọgbà yín?

Bàbá Ìbejì:
Ó wà. Ó jìnnà díẹ̀ sí ògiri yẹn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ má mu ún mọ́ títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá Ìbejì:
Ó dáa. Ọ̀la ni màá gbé Kẹ́hìndé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí àbúrò ìyàwó mi. Ṣé kó ṣì máa wá sílé mi, kó máa jókòó sórí àga mi?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Kó máa bọ̀. Ẹ gbé Táíwò náà dání lọ́la.