DSLR àkọ́kọ́ fún fọ́tò eré ìdárayá: ẹ sọ ohun tójú yín ti rí

Fò_bí_ẹyẹ: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ tó ń fi skateboard àti kẹ̀kẹ́ BMX fò ni mo fẹ́ máa yà, àti bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Fóònù ò gbé e mọ́, kí n tó tẹ̀ ẹ́ ọmọ ti balẹ̀. Àlòkù DSLR, kámẹ́rà tó ní dígí nínú tí lẹ́ńsì ẹ̀ sì ṣeé pààrọ̀, lowó mi ká. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà tiyín, kí lẹ fi bẹ̀rẹ̀, báwo ló sì ṣe rí? Ṣé kámẹ́rà ni kí n kówó lé ni àbí lẹ́ńsì?

Adélẹ́ńsì: Lẹ́ńsì.

Ìyá_Ìbejì: Canon 70D ni mo fi bẹ̀rẹ̀, fọ́tò 7 ló ń yà ní sẹ́kọ́ńdì kan, mo wá fi lẹ́ńsì 55-250, èyí tó ń fa nǹkan tó jìnnà sún mọ́, sí i. Tóòrùn bá ti mú, ẹ ò lè mọ̀ pé lẹ́ńsì kékeré ni, bọ́ọ̀lù tó ń kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó gbá a, ẹrẹ̀ tó ń ta lára bàtà ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á dúró gbọin tí shutter, ilẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà, bá ṣí fún 1/1000 sẹ́kọ́ńdì péré. Ìgbà tí wọ́n gbé eré wọnú gbọ̀ngàn ni wàhálà dé. Tí mo bá fà á jìnnà tán, kò lè ṣí ju f/5.6 lọ (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ ń wọlé tó), mo gbé ISO, bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ lágbára sí i, dé 12800, ojú àwọn ọmọ wá rí bí ẹni tí wọ́n da iyanrìn sí lójú. Mi ò pààrọ̀ kámẹ́rà o, 85mm f/1.8 ni mo rà, mo lọ jókòó sábẹ́ àwọ̀n basketball, ọ̀rọ̀ sì parí. Kò lè fà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi lè rìn.

Kò_sùn: Ẹ gbọ́ ohun tí Mọ̀mí ń sọ. Ìmọ́lẹ̀ tí f/2.8 ń gbà wọlé, ìlọ́po 4 ti f/5.6 ni. Mẹ́rin o!

Ṣẹ̀ṣẹ̀dé: Ẹ jẹ́ kó ra èyí tó ní VR jàre, ìyẹn máa dá eré dúró.

Kò_sùn: Ta ló sọ ìyẹn fún ẹ? Ọwọ́ tìẹ tó ń gbọ̀n ni VR ń mú dúró. Ẹni tó ń sáré ò gbọ́ tiẹ̀. Shutter ló ń dá eré dúró.

Bọ̀ọ̀dá_Nikon: Ẹ jẹ́ n sọ ti àbúrò mi kan. Ó ra D5600, ẹnì kan wá ta 80-200 f/2.8 AF-D àtijọ́ fún un, ó ní lẹ́ńsì àwọn ọ̀gá nìyẹn. Lóòótọ́ lẹ́ńsì ọ̀gá ni. Ó gbé e dé pápá, ó tẹ̀ ẹ́, kò mira, ó tún tẹ̀ ẹ́, kò mira. Ó rò pé ó ti bàjẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ àwọn ìdílé D3000 àti D5000 wọ̀nyẹn ò ní mọ́tò focus (èyí tó ń mú kí àwòrán hàn kedere) nínú ara wọn, AF-D náà ò sì ní in, AF-S tàbí AF-P tó ní mọ́tò nínú lẹ́ńsì ló yẹ kó rà. D7000, D7200, D500 ní mọ́tò tiwọn, ìyẹn ì bá yí i.

Adélẹ́ńsì: Hàà! Ẹni tó tà á mọ̀ o.

Ìyá_Ìbejì: Kò mọ̀ ni, àwa náà ẹ ẹ́ rí bá a ṣe ń ta nǹkan.

Adélẹ́ńsì: Ó mọ̀, Mọ̀mí. Ó mọ̀.

Aláràmbarà: Ẹ má pariwo jù, lẹ́ńsì yẹn ṣì wúlò fún un. Èmi kì í fi focus dọdẹ ẹni tó ń fi skateboard fò, mo mọ ibi tó máa gbà fò, etí ramp yẹn náà ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ń gùn fò. Mo ti fi ọwọ́ yí focus sórí etí ẹ̀ kó tó dé, ó dé, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dààmú lórí fọ́tò 10 ní sẹ́kọ́ńdì, ìbọn lẹ gbé dání ni?

Kò_sùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ̀wọ̀ fún ara yín. Agbábọ́ọ̀lù ò ní ramp. Ó lè yà sọ́tùn-ún, ó lè yà sósì, ó lè ṣubú. Lórí pápá, ètò focus AI Servo ni tó bá jẹ́ Canon, AF-C tó bá jẹ́ Nikon, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa tẹ̀lé e lọ. One Shot, tó ń focus lẹ́ẹ̀kan péré, á ti jókòó síbi tó fi sílẹ̀.

Aláràmbarà: Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ramp ni ẹni tó béèrè fẹ́ yà.

Fò_bí_ẹyẹ: Méjèèjì ni sà 😅

Aláràmbarà: Ó dáa, gbọ́ eléyìí náà: má jẹ́ kí fọ́tò ẹ gé ibi tó ti fò àti ibi tó máa balẹ̀ kúrò. Àwọn eléré yẹn á bú ẹ. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀run nìkan ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ta ló máa mọ̀ bóyá ó balẹ̀ tàbí ó já lulẹ̀? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn fisheye, lẹ́ńsì tó ń gba ibi tó fẹ̀ gan-an wọlé, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sábẹ́ kẹ̀kẹ́ náà.

Ṣẹ̀ṣẹ̀dé: Kẹ̀kẹ́ á wá gun lẹ́ńsì ńkọ́?

Aláràmbarà: Ó máa ń ṣẹlẹ̀.

Olówó_ori: Kí lẹ ṣì ń ra DSLR sí? Canon fúnra ẹ̀ ti sọ pé 1D X Mark III tó jáde ní 2020 ló kẹ́yìn àwọn DSLR ńláńlá wọn. Mirrorless, èyí tí kò ní dígí nínú, ni gbogbo ẹ̀ báyìí.

Bọ̀ọ̀dá_Nikon: Torí ẹ̀ náà ni àlòkù DSLR fi wọ́lẹ̀. D500 ti 2016 ṣì ń ya 10 ní sẹ́kọ́ńdì, ojú focus 153, kò gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀ torí pé nǹkan tuntun dé.

Kò_sùn: 7D Mark II náà ńkọ́? 10 lòun náà, ó sì mọ bó ṣe máa dúró de iná gbọ̀ngàn tó ń ṣẹ́jú, kí fọ́tò kan má mọ́lẹ̀ kí èkejì má sì dúdú. Lẹ́ńsì EF, ti DSLR Canon, tẹ́ ẹ bá rà lónìí, adapter (ohun ìsopọ̀) á gbé e sórí mirrorless Canon lọ́la. Olówó_ori, ṣé ẹ ò mọ̀ ni?

Olówó_ori: Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ ná owó ni.

Fò_bí_ẹyẹ: 😂 Ó dáa, mo ti rí D500 kan, ẹni tó ń tà á ní shutter count ẹ̀, iye ìgbà tí shutter ẹ̀ ti ṣí, ti lé ní 150,000. Ṣé kí n sá?

Bọ̀ọ̀dá_Nikon: 200,000 ni Nikon dán an wò dé. Kì í ṣe pé á kú lọ́jọ́ tó bá pé, òmíràn á kọjá ẹ̀ dáadáa, òmíràn ò ní dé ibẹ̀. Fi ìyẹn bá a dúnàádúrà.

Adélẹ́ńsì: Ẹni yẹn tiẹ̀ sọ fún ẹ. Èyí tó bá ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ shutter count ni kó o sá fún.

Ìyá_Ìbejì: Adé, ṣé ẹni tó ta 80-200 lo ṣì ń bá jà?

Adélẹ́ńsì: Ó mọ̀, Mọ̀mí!