Alẹ́ tí èmi àti Màmá wo Il Gattopardo ní Palermo

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fíìmù kan tí mi ò lè gbàgbé. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ni mò ń ṣe ní Palermo, ní Sicily. Màmá tí mò ń tọ́jú ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni wọ́n sì ń jókòó. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n bá àwọn fi Il Gattopardo, fíìmù Ítálì àtijọ́ kan, sí tẹlifíṣọ̀n.

Luchino Visconti ló ṣe fíìmù náà ní 1963, inú ìwé Giuseppe Tomasi di Lampedusa ló ti mú ìtàn rẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí kú ní 1957, ìwé ò sì jáde títí di 1958. Ó ká mi lára gan-an nígbà tí Màmá sọ ọ́ fún mi.

Ọdún 1860 nìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Garibaldi, ọ̀gágun tó ń jà kí Ítálì lè di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, ti kó ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí Sicily, Príńsì Salina, ọlọ́lá tí ìtàn náà dá lé, sì ti rí i pé ayé àwọn ọlọ́lá ń lọ. Ó kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Donnafugata, ìlú tí ilé wọn kejì wà. Bí wọ́n ṣe débẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbà lọ. Wọ́n jókòó, kámẹ́rà wá ń gba ojú wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Eruku! Lórí irun, lórí ìpéǹpéjú, lórí aṣọ olówó iyebíye. Kò sẹ́ni tó mira. Àfi bí òkú tí wọ́n tẹ́. Màmá di ọwọ́ mi mú, wọn ò sọ̀rọ̀.

Ibi tó dùn mí jù ni ti ìbò. Wọ́n ní kí ará ìlú dìbò bóyá Sicily yóò dara pọ̀ mọ́ Ítálì. "Rárá" ni Don Ciccio, ẹni tó máa ń bá Príńsì ṣọdẹ, dì. Nígbà tí wọ́n máa ka èsì, kò sí "rárá" kan ṣoṣo níbẹ̀. Wọ́n ti gbé ìbò ọkùnrin náà mì. Bó ṣe ń fi ìbínú sọ ọ́ fún Príńsì, mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. Màmá yíjú sí mi: "O mọ irú ẹ̀?" Mo ní, "Màmá, a mọ̀ ọ́n dáadáa."

Ijó ìparí gùn, ó tó bí ìṣẹ́jú 45. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti yà á, Palazzo Gangi, Palermo níbí ló wà! Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti Màmá débẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Màmá ní kí n má tíì dá kẹ̀kẹ́ padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin Verdi, olórin Ítálì, tí Príńsì àti Angelica, ọ̀dọ́bìnrin arẹwà inú fíìmù náà, jó sí, lábẹ́ ahọ́n, wọ́n ń fi ìka kan lu apá kẹ̀kẹ́. Mo dúró tì wọ́n títí orin fi tán.