Ẹ́ríà tí a fọwọ́ ara wa ṣe: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ọmọ Ìsin, Ìlọrin

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ẹ́ríà ni, ìyẹn irin tó ń gba ohùn tàbí àwòrán wá sínú rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni màá kọ́kọ́ sọ tèmi kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín.

Bàbá mi ń gbé ní abúlé wa ní agbègbè Ìsin, níhà gúúsù Kwara. Ilé wọn wà níbi tó rẹlẹ̀, òkè sì dí wọn lójú níhà Ìlọrin. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, rédíò ni alábàárò wọn. Harmony FM tó wà ní Ìdọ̀fíàn, lórí 103.5, ni wọ́n fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ariwo “ṣáá” ló máa ń gba gbogbo ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá nínú yàrá, ohùn á lọ. Mo délé lọ́jọ́ kan, mo bá wọn lójú fèrèsé, wọ́n fi ọwọ́ di ọ̀pá ẹ́ríà rédíò mú, torí pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ìròyìn á pòórá. Àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún, lórí ìdúró, fún odindi ìròyìn. Ó dùn mí dé egungun.

Mo ra ẹ́ríà kan ní Ìlọrin, èyí tó ní ẹ̀ka púpọ̀ bí eegun ẹja. Owó tí mo san kì í ṣe kékeré. Nígbà tí mo gbé e délé, kò sí ìyàtọ̀ kankan. N kò mọ̀ pé ti tẹlifíṣọ̀n UHF ni, ìyẹn ìgbì tí gígùn rẹ̀ kúrú ju ti FM lọ, pé àwọn ẹ̀ka rẹ̀ kúrú, wọn kò sì bá ìgbì FM mu. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Táíwò ní Ìlọrin ló là mí lóye. Ó ní ìgbì kọ̀ọ̀kan ló ní gígùn tirẹ̀, irin tí kò bá bá gígùn yẹn dọ́gba kò ní gbọ́ ọ dáadáa. Ó wá kọ ìṣirò kan sí ẹ̀yìn páálí fún mi: mú 142.5, fi iye MHz ibùdó tí o fẹ́ (nọ́ńbà rẹ̀ lórí rédíò, bíi 103.5) pín in, ohun tó bá jáde ni gígùn ẹ́ríà ní mítà. Ìdajì rẹ̀ ni apá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí 142.5 ti wá: 300 ni a fi iye MHz pín kí a tó mọ gígùn ìgbì kan, ìdajì ìgbì ni irú ẹ́ríà yìí máa ń gùn tó, ìdajì 300 sì jẹ́ 150. Wọ́n wá yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, torí pé irin máa ń ṣe sí ìgbì bí ẹni pé ó gùn ju bó ṣe gùn gan-an lọ.

Fún 103.5, ó jẹ́ mítà 1.377. Apá kan, sẹ̀ǹtímítà 69. Apá kejì, 69.

Ọ̀pá kọ́tìnì alumíníọ̀mù tí a kó kúrò nínú ilé àtijọ́ ni mo gé. Mo fi síkúrúù dè wọ́n mọ́ páìpù rọ́bà tí àwọn oníná máa ń gba wáyà kọjá, mo fi àlàfo díẹ̀ sí àárín kí wọ́n má fara kanra. Mo bó kébù tẹlifíṣọ̀n: wáyà àárín lọ sí apá kan, àwọ̀n tó yí i ká lọ sí apá kejì. Nídìí rédíò, mo fi klíìpù há wáyà àárín mọ́ ọ̀pá ẹ́ríà, mo so àwọ̀n náà mọ́ ojú nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Ọparun mítà mẹ́fà ni òpó.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á, torí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é. Mo na orí ẹ́ríà náà sí Ìdọ̀fíàn bí ìgbà téèyàn ń na ìka sí nǹkan. Ohùn tó wọlé burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo tú u palẹ̀, mo tún un so, ó tún burú. Mo pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. Ó bi mí pé, “Ibo lo kọ orí rẹ̀ sí?” Mo sọ fún un. Ó ní, “Ẹ̀gbẹ́ ni irú ẹ́ríà yẹn fi ń gbọ́ràn. Ọ̀gangan orí rẹ̀ méjèèjì ló ti dití.” Mo di ọparun mú, mo rọra ń yí i títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi dojú kọ Ìdọ̀fíàn. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi láti inú ilé: “Ó dé! Má fọwọ́ kàn án mọ́ o!” Wọ́n ti jókòó. Ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí orúnkún.

Lọ́jọ́ náà, kódà a gbọ́ Unilorin FM lórí 89.3, tí n kò tilẹ̀ gé e fún.

Òjò dá a dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Omi ti wọ ibi tí mo so wáyà mọ́, bàbà àti alumíníọ̀mù sì máa ń jẹra wọn bí omi bá wà láàárín wọn. Nísinsìnyí, mo fi gírísì pa ojú ìsopọ̀, mo fi téèpù oníná wé e, mo tún fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e mọ́lẹ̀. Mo jẹ́ kí kébù náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ fèrèsé, kí omi lè máa kán síta níbẹ̀. Òjò méjì ti kọjá lórí rẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ó kù sọ́wọ́ yín.


Ìyá Ìbejì, Gáà Àkànbí

Ọmọ Ìsin, ẹ káre. Ọlọ́run á bá wa dá Bàbá sí.

Ti tẹlifíṣọ̀n ni tèmi. Ọ̀ffà ni mo dàgbà sí. Nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á wà lórí páànù, màmá wa á dúró sẹ́nu ọ̀nà, èmi á wà níwájú tẹlifíṣọ̀n. “Ó ti dé?” “Ó kù díẹ̀!” “Báyìí ńkọ́?” “Ó tún ti ń da ìrẹsì!” Ìrẹsì la ń pe àwọn èérún funfun tó máa ń bo àwòrán. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n díjítà wọ Ìlọrin ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, mo ra àpótí tó ń gbà á sórí tẹlifíṣọ̀n, mo so ó mọ́ ẹ́ríà ńlá àtijọ́ tó wà lórí ilé. Kò sí àwòrán, kò sì sí ìrẹsì. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nìyẹn: ti àtijọ́, bí àmì rẹ̀ kò bá lágbára, ẹ ṣì lè rí ojú akàròyìn láàárín ìrẹsì. Ti díjítà kò ní àárín. Bí ó bá tó, á mọ́ kedere. Bí ó bá dín díẹ̀, àwòrán á gé kélekèle, á dúró gbagidi, á lọ. Nítorí náà, ẹ kò lè máa fi ojú wo àwòrán kí ẹ fi mọ̀ bóyá ẹ́ríà ti ń súnmọ́ ọ̀nà. Inú àpótí náà ni ìlà kan wà tó ń fi agbára àmì hàn, òun ni kí ẹ máa wò bí ẹ ṣe ń yí i.

Orí UHF ni díjítà wà, ó bẹ̀rẹ̀ láti 470 MHz lọ sókè. Mo fi 600 sínú ìṣirò yín yẹn, ó sì fún mi ní sẹ̀ǹtímítà 24 ó dín díẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi 12 ní apá kan. Wáyà tó nípọn tí wọ́n fi ń fa iná wọlé ni mo lò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wá gbé àwọ̀n irin tí mo fi ń yan ẹja sí, mo fi pátákó pẹlẹbẹ pín wọn níyà ní sẹ̀ǹtímítà 12 ààbọ̀, ìdá mẹ́rin ìgbì nìyẹn. Àmì tó bá ti fo wáyà kọjá, àwọ̀n á dá a padà sọ́dọ̀ rẹ̀, méjèèjì á sì ran ara wọn lọ́wọ́. Ìlà agbára kúrò ní 30 ó lé, ó kọjá 60. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ra àwọ̀n irin mìíràn tí màá máa fi yan ẹja ní ọjà Ìpàtà.

Aṣọ ni mò ń rán, téèpù ni iṣẹ́ mi. Mo rí i pé sẹ̀ǹtímítà kan lára 69 Bàbá kò tó nǹkan. Lára 12, ó pọ̀. Bí nǹkan bá ṣe kéré tó ni kí ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa tó. Èmi gé tèmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó pé.


Àbúrò yín, Tánkè

Ẹ̀gbọ́n, Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ́ríà tèmi kò kọjú sí ibùdó kankan lórí ilẹ̀. Ojú ọ̀run ló ń wò.

Nígbà kan, Amẹ́ríkà ní àwọn sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ mẹ́ta kan, NOAA 15, 18 àti 19, tó máa ń fi àwòrán ìkùukùu ránṣẹ́ sílẹ̀ lórí bíi 137 MHz. Kò sí owó lórí rẹ̀, ẹni tó bá ní ẹ́ríà ló ni ín. Mo wá wáyà alumíníọ̀mù méjì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí sẹ̀ǹtímítà 53.4, mo ṣí wọn bíi lẹ́tà V ní ìwọ̀n dígírì 120, mo nà án gbọọrọ láìgbé e nàró, kí ó tẹ̀ lé àríwá àti gúúsù. Rédíò kékeré RTL-SDR tí wọ́n ń kì bọ USB kọ̀ǹpútà ló kù.

Ní bákónì ilé wa, n kò gbọ́ nǹkan kan. Jẹnẹrétọ̀, gílóòbù LED, ṣájà fóònù, gbogbo wọn ló ń pariwo sínú rédíò tí etí wa kò sì gbọ́. Mo gbé e lọ sí pápá kan láàárọ̀ kùtùkùtù. Sátẹ́láìtì náà yọ, mo gbọ́ ọ: tíkì-tọ́kì, tíkì-tọ́kì, bí aago tó ń kánjú. Ìlà àwòrán méjì ni ìṣẹ́jú àáyá kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ya ara rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo rí etí òkun tó tẹ̀ láti Ghana wá sí Èkó, tó sì yà lọ sí Kàmẹrúùnù. Mo rí ìkùukùu funfun níhà gúúsù, mo rí Sàhárà tó mọ́ gbalaja. Ìlọrin wà láàárín wọn, èmi náà wà ní Ìlọrin, mo di wáyà mú. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀.

Ní 2025, wọ́n pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ti darúgbó. NOAA 15 ti wà lókè láti 1998. Ó ká mi lára bí ẹni tí ará ilé rẹ̀ kó lọ. Mo gé wáyà yẹn kù sí sẹ̀ǹtímítà 49, mo sì ń fi tẹ́tí sí ibùdó òfuurufú ISS lórí 145.8 MHz, níbi tí wọ́n ti máa ń bá àwọn ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ nígbà míì. Bí ó bá ń bọ̀, àmì rẹ̀ máa ń ga ju 145.8 lọ díẹ̀, bí ó bá ń lọ, á rẹlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí fèrè rélùwéè tó ń kọjá ní Ọ̀ffà, nítorí náà mo ní láti máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lórí kọ̀ǹpútà.

Gbígbọ́ nìkan ni mò ń ṣe o. Ẹni tó bá fẹ́ fèsì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba, kó sì ní àmì ìpè tirẹ̀, ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Mò ń múra àtigbà á.


Bàbá Àgbà, Òmù-Àrán

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn sí yín. Tẹlifíṣọ̀n ni mo fi ń tún ṣe jẹun títí ojú fi di bàìbàì.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ọyẹ́. Lásìkò ọyẹ́, èrò máa ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé ẹ́ríà àwọn ti ń gbé ibùdó ìlú jíjìn. Kì í ṣe ẹ́ríà ni. Lóru ọyẹ́, atẹ́gùn ìsàlẹ̀ á tutù, ti òkè á gbóná jù ú lọ, ìgbì tó yẹ kó gba òkè kọjá á tẹ̀ wá sílẹ̀, á sì rìn jìnnà. Bí oòrùn bá mú, ó ti tán. Ẹ má fi àsìkò ọyẹ́ dán ẹ́ríà tuntun wò, á tàn yín jẹ.

Èyí tí mo torí rẹ̀ wọlé nìyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé òpó onírin nàró lẹ́yìnkùlé. Afẹ́fẹ́ gbá a, ó tẹ̀, ó sì sùn lé wáyà iná tó gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Àwọn méjèèjì di òpó náà mú ṣinṣin. Iná kò sí lásìkò yẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni iná dé. Mo wà níbẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rí ẹni tó ń gbé òpó, ẹsẹ̀ mi máa ń gbọ̀n. Ẹ wọn gíga òpó yín, kí ẹ rí i dájú pé, ìhà yòówù kó ṣubú sí, kò ní kan wáyà iná. Bí òjò bá sì ṣú, ẹ yọ kébù kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n kí àrá tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti sán.


Ọmọ Ìsin, Ìlọrin

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Wáyà iná tó súnmọ́ wa jùlọ wà ní òdìkejì ọ̀nà, ọparun wa kò lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí mò ń lọ lọ́jọ́ Sátidé ńkọ́, n kò wọn tibẹ̀. Ìyá kan tó múlé gbè wá ti gbọ́ rédíò bàbá mi, òun náà fẹ́ tirẹ̀, Midland FM lórí 99.1. Mo ti gé apá méjèèjì, sẹ̀ǹtímítà 72 àti 72. Màá kọ́kọ́ wọn ibi tí òpó lè ṣubú sí kí n tó gbẹ́ ihò.