Kí la ó pe àwọn àbùdá gílóbìnì tó ń gbé ojú kan náà?

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín láti Òṣogbo.

Ọ̀kan nínú yín dábàá pé kí a máa pe àwọn àbùdá (gene) tó ń ṣe gílóbìnì, èròjà purotéènì tó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n tò sí ojú kan, ní "àkójọpọ̀ àbùdá". Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ọn. Ohun tí a bá kó jọ, ibòmíì ló ti wá. Àwọn wọ̀nyí kò ti ibì kankan wá. Àbùdá kan ṣoṣo ló di méjì níbi tó wà, àwọn ẹ̀dà náà tún pọ̀ sí i, oníkálùkù wá ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀. Agbolé àbùdá ni mo fọwọ́ sí.

Ẹ má jẹ́ ká pa á pọ̀ mọ́ ẹbí. Ẹbí ni gbogbo àbùdá tó ti ara ọ̀kan ṣẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n máa gbé. Ẹbí kan ni álífà àti bẹ́tà, oríṣi gílóbìnì méjì, ó sì ti lé ní mílíọ̀nù 400 ọdún tí wọ́n ti yapa. Lára ènìyàn, agbolé álífà wà lórí kírómósómù 16 (kírómósómù ni okùn tí àbùdá tò sí nínú sẹ́ẹ̀lì), ti bẹ́tà wà lórí 11. Lára ọ̀pọ̀lọ́ Xenopus, méjèèjì ṣì jọ ń gbé ni. Bí "ẹbí" bá ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì, báwo la ṣe fẹ́ sọ èyí kó yéni?

Agbolé tún ní ètò. Nínú ti bẹ́tà, àbùdá tó ń jẹ́ ẹ̀písílónì ló ṣíwájú, gámà méjì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà dẹ́lítà, bẹ́tà ló kẹ́yìn. Ẹ̀písílónì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí oyún ṣì kéré, gámà gbà á títí di ìgbà ìbí, bẹ́tà sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ gámà láàárín oṣù díẹ̀. Ìdí nìyí tí ara ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde fi máa ń le ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́: ara bẹ́tà ni àléébù náà wà, gámà ló sì ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Àwọn ìyá níbí máa ń bèèrè pé, ṣebí ara ọmọ yìí dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí a ó fi dá wọn lóhùn là ń wá yìí o.

Láàárín gámà àti dẹ́lítà, àbùdá kan wà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ní "ayédèrú àbùdá" ni. Rárá! Ayédèrú kò jẹ́ ojúlówó rí, eléyìí sì ti ṣiṣẹ́ rí. Lára ewúrẹ́, irú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ọlẹ̀. Ahoro ni. Ewúrẹ́ yìí kan náà yà mí lẹ́nu: odindi abala agbolé bẹ́tà rẹ̀ ló di mẹ́ta, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà bẹ́tà náà ló wá ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú oyún, iṣẹ́ tí gámà ń ṣe fún wa. 

Ẹnìkan ta kò mí pé ìyàwó àti ayálégbé náà ń gbé agbolé, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ilé. Òótọ́ ni, ó sì bá ọ̀rọ̀ mu. Níwájú ẹ̀písílónì, abala DNA (èròjà tí a fi ṣe àbùdá) kan wà tí kì í ṣe gílóbìnì rárá, òun ló ń ru àwọn yòókù sókè. Àwọn kan fẹ́ pè é ní "baálé", àmọ́ ọmọ ilé ni baálé. "Adarí agbolé" ni tèmi. Ẹni tó bá ní èyí tó ṣe wẹ́kú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó gbé e wá.