Ẹ̀yin tó ti kọ́ ibojì Fáráò sórí tábìlì eré, kí lojú yín rí?

Fóòmù Lọlá
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lóṣù tó ń bọ̀, àwa márùn-ún fẹ́ ṣe eré dáìsì orí tábìlì kan tí gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ibojì ọba Íjíbítì. Àwọn míní wa, ìyẹn ère kéékèèké tí a fi ń ṣeré, ti wà nílẹ̀, mìlímítà 28 ni wọ́n ga. Ibojì ni kò sí. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni fóòmù funfun tí wọ́n fi di fíríìjì, bíléèdì, gọ́ọ̀mù funfun àti iyanrìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

Bàbá Ìbejì
Má fọ́n ọ̀dà alágolo sí i.

Ọmọ Káfíńtà
Bàbá Ìbejì ti sọ̀rọ̀ tán, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n là á yé e, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbẹ́ yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú ibojì Tutankhamun, Fáráò tó kú ní ọ̀dọ́. Àtẹ̀gùn 16 tí àwọn tó rí ibojì náà lọ́dún 1922 bá sọ̀kalẹ̀, mo gé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Eré ku ọ̀la, mo gbé e síta lálẹ́, mo fọ́n ọ̀dà dúdú sí i. Kí n tó gbé agolo sílẹ̀, ògiri ti ń yọ́ bí iyọ̀ tó rí omi. Ohun tí wọ́n fi po ọ̀dà yẹn ló ń jẹ fóòmù. Mo jókòó ti ohun tó kù, n kò lè sọ̀rọ̀. Ní báyìí, màá kọ́kọ́ po gọ́ọ̀mù funfun mọ́ ọ̀dà olómi, màá fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kó gbẹ dáadáa kí n tó fi ohunkóhun mìíràn kàn án.

Àbúrò Kékeré
Háà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ẹ pẹ̀lẹ́ sà.

Dúdú Ṣéènì
Èmi náà. Ti èmi tilẹ̀ jẹ́ odidi pírámíìdì. Mi ò fẹ́ sọ ọ́.

Ará Peckham
Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, ẹ kú àṣedànù, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ṣùgbọ́n ibojì Tutankhamun kéré jù fún eré. Mo ti ṣírò ó rí. Yàrá tí wọ́n tẹ́ ọmọ náà sí kò ju bíi mítà 6.4 sí mítà 4 lọ. Tí a bá pín in sí ọ̀nà 60 kó lè bá míní mu, kò pé sẹ̀ǹtímítà 11 sí 7. Fóònù mi gùn jù ú lọ! Ibo ni èèyàn márùn-ún fẹ́ dúró sí? Ti Seti Kìíní ni kí ẹ kọ́, Fáráò mìíràn tí Belzoni, ará Ítálì, ṣí ibojì rẹ̀ lọ́dún 1817. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àtẹ̀gùn, kòtò jíjìn lójú ọ̀nà, gbọ̀ngàn olópòó. Lọ́ńdọ̀nù níbí ni pósí òkúta rẹ̀ wà, nínú ilé tí Sir John Soane kó ohun àtijọ́ jọ sí. Ọdún 1824 ló rà á. Òkúta tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá ni, wọ́n fín ara rẹ̀ nínú lóde. Ọjọ́ tí mo rí i ni mo sọ pé mo gbọ́dọ̀ kọ́ ilé tí wọ́n ti gbé e wá.

Ọmọ Káfíńtà
Ibojì yẹn tó mítà 137. Pín in sí 60 kí o wò ó. Ó lé ní mítà méjì. Tábìlì ta ni?

Ará Peckham
Ẹ gé e sí abala abala. Abala tí wọn ò tíì dé, ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ni kí ẹ gbé e kalẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń bá yàrá nígbà yẹn, ẹ ó rántí mi.

Ìyá Dáìsì
Mo bẹ gbogbo yín, ẹ yé kun ibojì ní àwọ̀ ẹrẹ̀! Òkúta ẹfun ni wọ́n gbẹ́ ọ̀pọ̀ wọn sí, wọ́n rẹ́ ògiri, wọ́n sì kùn ún. Yàrá òkú Tutankhamun, ìyeyè ni ògiri rẹ̀, ìnàkí méjìlá sì jókòó sára ọ̀kan níbẹ̀. Ti Ayaba Nefertari tí Schiaparelli, awalẹ̀pìtàn ará Ítálì, rí lọ́dún 1904, àjà rẹ̀ dà bí aró, ìràwọ̀ ìyeyè kún inú rẹ̀. Igi ìtayín ni mo fi to ìràwọ̀ tèmi, alẹ́ mẹ́rin ló gbà mí.

Bàbá Ìbejì
Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta, ṣé kò ní ṣá ni?

Ìyá Dáìsì
Ibi tó gbẹ, tí oòrùn ò wọ̀. Kí ló fẹ́ ṣá a?

Fóòmù Lọlá
Mà, mi ò mọ àwòrán yà rárá.

Ìyá Dáìsì
Kọ́ ti Fáráò Horemheb nígbà náà. Wọn ò parí yàrá òkú rẹ̀. Ìlà pupa tí wọ́n fà láti fi wọn àwòrán ṣì wà lára ògiri, àtúnṣe tí ọ̀gá fi dúdú ṣe ṣì wà. Rúlà àti bírò pupa tó fún ọ.

Dúdú Ṣéènì
Ẹ̀bìtì ńkọ́? Èmi fi ọfà tó ń ta jáde lára ògiri àti àpáta tó ń yí bọ̀ sí tèmi.

Tísà Ìtàn
Kò sí ọfà kankan. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi dí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà, wọ́n tẹ èdìdì sí i. Ní pírámíìdì, òkúta ńlá ni wọ́n já sílẹ̀ láti dínà.

Dúdú Ṣéènì
Tísà, eré ni. Ta ló fẹ́ fi dáìsì kó òkúta wẹ́wẹ́ fún wákàtí méjì?

Tísà Ìtàn
Èmi. Kí ẹ̀ṣọ́ sì máa bọ̀ lẹ́yìn wọn. Gbìyànjú ẹ̀ wò.

Àbúrò Kékeré
Tèmi, màmá mi ni. Wọ́n rí pósí pẹ̀lú òkú tí mo fi báńdéèjì wé lórí tábìlì pálọ̀, wọ́n ní ibojì ò gbọ́dọ̀ sùn nílé àwọn. Òru yẹn ni mo gbé e lọ sílé ọ̀rẹ́ mi.

Bàbá Ìbejì
Àánú wọn ṣe mí, ẹ̀rù ń bà wọ́n ni. Ṣùgbọ́n bá mi sọ fún wọn pé nínú ilé ni a ti ń sin àgbà tiwa. Yàrá bàbá bàbá mi ni ojú oórì wọn wà, orí rẹ̀ la ti ń ṣeré nígbà tí a wà léwe.

Ìyá Dáìsì
Òótọ́ ni. Ilé tiwa náà nìyẹn.

Dúdú Ṣéènì
Ṣebí wọ́n ní Íjíbítì ni Yorùbá ti wá.

Tísà Ìtàn
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìyẹn wá síbí, a ò ní sùn mọ́jú.

Àbúrò Kékeré
Màmá mi ka èyí tí Bàbá Ìbejì kọ. Wọ́n ní kí n gbé e padà wálé, àmọ́ kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí pósí náà pa.

Fóòmù Lọlá
Ti Horemheb ni màá kọ́. Bíléèdì mi ń fa fóòmù ya ni o. Níbo ni mo ti lè rí èyí tó mú n'Ìbàdàn?

Ọmọ Káfíńtà
Lọ sí Dùgbẹ̀, bèèrè ọ̀bẹ tí àwọn onísọ́bàtà ń lò. Má fi iná yan án gé fóòmù nínú yàrá o, èéfín rẹ̀ ò dáa.